Igi Lánihùn ní Òkè-Ẹ̀fúùfù

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá ti rí igbó rí mọ èyí. Kí wá ló dé tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe? A kì í sáà dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wá. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan ti jiyàn ọ̀rọ̀ yìí rí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìyá mi, Lánihùn agégi ni ẹni náà, ará Òkè-Ẹ̀fúùfù. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀sọ̀ mú yín gun òkè náà.

Orí àpáta ni ilé ẹ̀kọ́ wọn wà. Láàárọ̀, ìkùukùu a bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ohùn àwọn ọmọ tó ń kàwé nìkan ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkè yóò máa gbọ́, bí ẹni pé ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń kà á. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí igi kan ṣoṣo lórí òkè náà. Lọ́dọọdún tí òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ dé, ìjì a jà láti ìlà-oòrùn, a sì ká páànù ilé ẹ̀kọ́ lọ. Lọ́dún kẹta tí èyí ṣẹlẹ̀, Tísà Olúkòtún pe gbogbo òbí jọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ìjọba ní páànù tí àwọn fún wa yìí ni ìkẹyìn. Bí ìjì bá tún gbé e lọ, wọ́n á ti ilé ẹ̀kọ́ yìí pa. Odò ni àwọn ọmọ yín yóò máa là kọjá kí wọ́n tó kàwé."

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn, nítorí odò náà ti gbé ọmọ lọ rí. Wọ́n pinnu pé àwọn yóò gbé òkúta lé páànù ná, kí olúkúlùkù sì gbin igi kan fún ọmọ rẹ̀, akòko tàbí ìyeyè tàbí dóńgóyárò, yí ilé náà ká. Gbogbo Sátidé ni wọn yóò máa gun òkè wá bomi rin ín. Ìyá Lámídì, amọ̀kòkò tí ẹnu rẹ̀ mú, wá fi òfin kan kún un.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bomi rin igi ọmọ tirẹ̀ o. Igi ọmọ ẹlòmíràn ni kí o bomi rin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ibà bá dá mi dúbúlẹ̀ ni igi Lámídì kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Lánihùn nìkan ni kò gbà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lórí ìkúnlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi omi orí ẹ̀kọ tọ́ Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, òun náà ló sì ń di irun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun náà a máa wọ́ bí ọ̀nà oko. Kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ohunkóhun tó jẹ́ ti ọmọ náà.

Ó ní, "Ta ló mọ igi jù mí lọ níbí? Ẹ fi ìhà ìlà-oòrùn sílẹ̀ fún mi. Odán kan ṣoṣo ni n ó gbìn síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì bu omi sí i. Igi kan tí a tọ́jú dáadáa, igbó ni."

Ìyá Lámídì bi í pé, "Bàbá Àwẹ̀ró, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ dúró de ìjì ni?"

"Èmi nìkan náà ni mo ń tọ́ ọmọ mi."

Wọ́n fi ìhà ìlà-oòrùn sílẹ̀ fún un.

Ọdún ń gorí ọdún. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, ẹ ó rí àwọn òbí tí wọ́n ń gba inú ìkùukùu gòkè pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ẹnìkan a ní, "Mo bomi rin Lámídì yín lónìí o, ó ti yọ ewé tuntun." Wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, tiyín náà ti ga jù yín lọ." Àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ti ń jà nítorí ààlà oko láti ọjọ́ pípẹ́ bá ara wọn níbi tí oníkálukú ti ń bomi rin igi ọmọ ẹnìkejì. Ìjà náà tán láìsí ẹni tó parí rẹ̀.

Lánihùn a máa dá wá ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. A bomi sídìí odán rẹ̀, a jókòó, a máa kọrin tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn. Odán náà sì ga ju gbogbo igi yòókù lọ, kí n má parọ́. Bó bá wo àwọn kéékèèké tó fún mọ́ra lódì kejì, a rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ò lè bínú sí ọkùnrin yẹn.

Ní Sátidé kan lọ́dún kẹfà tí wọ́n ti gbin igi, Àwẹ̀ró àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn òbí tó ń lọ bomi rin igi gòkè lọ ṣeré. Bàbá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń fa ayùn. Ojú ọ̀run ṣú lójijì. Àwọn ọmọ sá wọ iyàrá ìhà ìlà-oòrùn, ìjì sì dé. Lánihùn gbójú sókè. Ó rí àwọn igi kéékèèké tí wọ́n jọ tẹ̀, tí wọ́n sì jọ nà, tí èyí ń fara ti èyí. Odán dá tẹ̀, ó dá nà. Ó tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò nà mọ́.

Lánihùn ju ayùn sílẹ̀, ó sáré gòkè. Orí iyàrá náà ni odán wó lé. Ó ń fi ọwọ́ lásán ya ẹ̀ka, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Àwẹ̀ró! Kí lẹ ń wá níbẹ̀? Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi yẹn."

Ìyá Lámídì ló ń pè é. Ó jókòó sáàárín àwọn igi tó fún mọ́ra, ó fi ìró bo Àwẹ̀ró láyà rẹ̀. Lámídì tirẹ̀ wà lẹ́yìn ìyá mìíràn, ọmọ ìyá yẹn sì wà lápá bàbá kan lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí odán kọ́kọ́ ké, àwọn òbí rọ́ wọ iyàrá náà, ẹnikẹ́ni kò sì dúró wá ọmọ tirẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ọn ló gbé. Ọdún mẹ́fà ni ọwọ́ wọn ti fi kọ́ ọ.

Lánihùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ dìde jàre, Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́."

Àwẹ̀ró yọ orí jáde nínú ìró. Ó ní, "Bàbá, mo ń wo igi wa. Kò rí ẹni fara tì."

Bàbá náà sunkún bí ọmọdé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó la odán náà sí pákó, àwọn òbí rù ú, wọ́n sì fi tún iyàrá náà kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kò tì. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, òun ló kọ́kọ́ dé orí òkè, pẹ̀lú igi kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, tó kún agbọ̀n kan. Ó gbìn wọ́n sí ìlà-oòrùn, ó fún wọn mọ́ra, ó sì fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ti Àwẹ̀ró. Lẹ́yìn náà ó gbé ìkòkò omi, ó bi Ìyá Lámídì pé, "Igi ọmọ ta ni n ó bomi rin?"

Bí ó ti ń bomi rin igi Lámídì, ó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn tó ń bomi sídìí igi Àwẹ̀ró. Òbí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú wá ń ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Kí lẹ fẹ́ fi gbogbo igi wẹ́wẹ́ yìí ṣe? Ṣé ẹyọ kan tó nípọn kò tó ni?"

Lánihùn kò wẹ̀yìn. Ó rọra da omi tó kù sídìí igi ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ní, "Mo ti dán an wò. Igi kan kì í dá igbó ṣe."