Òkè Ẹlẹ́dẹ̀ Lójú Òṣùpá

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn títí, ó dé ọ̀dọ̀ onímú pẹrẹsẹ kan. Ta ni?"

Àwọn ọmọ pariwo: "Ẹlẹ́dẹ̀!"

Ní ìgbà kan rí, inú ilé mímọ́ tónítóní ni Ẹlẹ́dẹ̀ ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Kò mọ nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í sọ pé òun mọ̀.

Ọba wá ní òun ń fẹ́ ẹni tí yóò wo àwọn àmì dúdú ojú òṣùpá, tí yóò sọ wọ́n lórúkọ fún ìlú. Ẹlẹ́dẹ̀ fò dìde.

"Kábíyèsí, iṣẹ́ mi nìyẹn! Bí mo bá ṣi ẹyọ kan, ẹ lé mi nílé, ẹ lé mi nílùú!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti rí ẹlẹ́dẹ̀ tó gbójú sókè rí?

"Rárá o!"

Ọrùn wo ló fẹ́ fi gbé e? Aláṣejù! Ó gbìyànjú títí, ọrùn kọ̀. Dípò kó jẹ́wọ́, ó yọ́ lọ sídìí kòtò omi kan, ó ń wo òjìji òṣùpá nínú rẹ̀.

"Èyí tẹ́ẹ́rẹ́, Odò Ẹlẹ́dẹ̀. Èyí gbọọrọ, Igbó Ẹlẹ́dẹ̀. Èyí roboto láàárín, tó tóbi jù, Òkè Ẹlẹ́dẹ̀!"

"Ara rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ni?"

Ẹ bá mi bi í!

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó ka orúkọ fún ọba. Ọba gbójú sókè, ó rí odò, ó rí igbó.

"Òkè ńkọ́?"

"Ó wà láàárín gan-an, Kábíyèsí."

"N kò rí i."

Inú bí Ẹlẹ́dẹ̀. Ó kó ọba àti gbogbo ìlú lọ sídìí kòtò. "Ẹ wò ó! Òkè mi rèé!"

Òkè bá la ẹnu. "Kọ̀-kọ̀-kọ̀! Ẹ kú alẹ́, Kábíyèsí. Bàbá Ẹlẹ́dẹ̀, ẹ ti ń tẹjú mọ́ mi láti àná. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Kọ̀ǹkọ̀ ni! Ó bẹ́ sómi, ó wọnú ẹrẹ̀ lọ. Ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn.

Ọba ní, "O kò lè gbójú sókè, o ò sì sọ fún wa. Kó ẹrù rẹ."

Ẹ rò pé ojú tì í? Ó ní òkè òun rì ni. Ó ki imú bọ ẹrẹ̀, ó ń tú u kiri, títí dòní.

"Ṣé ó ti rí i?"

Kí ni yóò rí? Òkè wo?

Ẹni tí kò bá rí nǹkan, kó ní òun ò rí i. Ìyẹn kì í pa ènìyàn. Ibi tí àlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí òṣùpá má ràn sí àgbàlá mi mọ́.