Ẹyin Tútù Lẹ́nu Ajá Àwẹ̀ró
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ajá tí á máa bá yín gbé àparò, ṣé ẹ mọ ohun tí a fi ń dán an wò? Imú nìkan ò tó o, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kó lè gbé ẹyẹ láì fi eyín tẹ̀ ẹ́. Ajá mẹ́ta ni opó ọdẹ kan, Àwẹ̀ró, fi ń bá àwọn ọdẹ ṣiṣẹ́ kó lè bọ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àparò tí àwọn ọdẹ bá yìnbọn pa, tí wọ́n ní kí ajá gbé wá, kì í dé ọwọ́ wọn mọ́. Baálẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú wọn ló ń jẹ ẹ́. Yan olè náà báyìí. Bí o bá ṣì í yàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni n ó pa." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀: "Ẹ ṣé, bàbá. Ẹyin tútù mẹ́ta ni mo fẹ́. Ajá tó bá fọ́ tiẹ̀, òun ni." Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹyin lẹ́nu ajá? Ó tán fún ọ lónìí!" Àwẹ̀ró fi ẹyin sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pàtẹ́wọ́: "Ó yá, ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ ń gbé àparò lọ." Ẹyin kankan ò fọ́. Àwọn ajá kọjá lára àwọn ọdẹ, wọn ò wo Àwẹ̀ró pàápàá, wọ́n rọra gbé ẹyin sílẹ̀ níwájú àga kan, wọ́n jókòó, wọ́n ń jùrù, wọ́n ń retí orí ẹja tí wọ́n máa ń gbà níbẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi wò ó, ta ló jókòó sórí àga yẹn?" Baálẹ̀ ni.