Èló ni Ìbòòji?

Bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Baba Àkàngbé tó ń sun èédú tà ní abúlé wa mọ òwe yìí dáadáa. Èèyàn ló máa ń pa á fún, kò rántí rí pé igi wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó pọ́n àáké de igi irú kan ṣoṣo tó kù níwájú ilé rẹ̀ ni Arábìnrin Mojírádé dé láti yunifásítì. Ó ń ṣèwádìí ohun tí ooru tó ń le sí i ń ná àwọn ará oko. Wọ́n gbé àpótí sábẹ́ igi náà.

"Baba, èló ni ìbòòji igi yìí?"

Baba bú sẹ́rìn-ín. "Ìwé yín ti pọ̀ jù, ọmọ mi. Ta ló ń ra ìbòòji? Èédú ni mò ń tà."

Mojírádé kọ òdo sílẹ̀, ó sì gbé àpótí rẹ̀ bọ́ sínú oòrùn. Onílé kì í wà níbòòji kí àlejò wà lóòrùn, ni Baba náà bá gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè méjìlá ló kù. Nígbà tí wọ́n dé ìkejì, Baba ti ń fi fìlà fẹ́ ara. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹta, ó ti ń rọra fìdí wọ́ àpótí padà. Kí wọ́n tó dé ìkarùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan igi.

"Ẹ má bínú sà, ṣé kí n pa òdo yẹn rẹ́?"

Baba fi fìlà nu òógùn ojú. "Pa á rẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti inú ilé. "Baálé mi, àáké ńkọ́?"

"Gbé e wọlé, jàre. Oòrùn ń pa á."