Iyọ̀ Ẹ̀yìn Aṣọ

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Mo búra. Bí mo bá purọ́, kí n má fi eyín mi já ẹran lọ́jọ́ ọdún tó ń bọ̀. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ìlú wa, àfi lọ́wọ́ olùkọ́ mi àtijọ́. Òun kò gba ohun tó bá ti ẹnu mi jáde gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún un pé alábẹ̀wò ń bọ̀, tó sì wọ kóòtù dúró nínú oòrùn títí ọ̀sán fi pọ́n. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ pátápátá ló rí bẹ́ẹ̀. Ibì kan wà tí mo fọwọ́ ara mi tún ṣe. Ẹ fọkàn balẹ̀, n óò jẹ́wọ́ kí n tó dákẹ́.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa tó ní iléeṣẹ́ ìlagi. Ọ̀gá Pákó ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó mọ igi. Bí ó bá fi ìka kan gẹdú lẹ́ẹ̀mejì, ó ti mọ̀ bóyá inú rẹ̀ le tàbí ikán ti wọ̀ ọ́.

Ẹgbẹ́ kan sì wà ní ìlú náà tó ń gbá rọ́gíbì, irú èyí tí ènìyàn mẹ́tàlá máa ń gbá níhà kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù wọn kò rí róbótó. Ó gùn bí ìbẹ́pẹ. Ẹgbẹ́ náà ti gbé ipò ìkẹyìn lọ́dún méjì léraléra. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti darúgbó. Ewúrẹ́ ló ń jẹko lórí pápá. Ìgbìmọ̀ ìdíje wá kọ lẹ́tà: bí wọ́n bá tún gbé ipò ìkẹyìn lọ́dún kẹta, a ó yọ orúkọ wọn kúrò pátápátá.

Àwọn àgbà náà fa ẹgbẹ́ lé Ọ̀gá Pákó lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní àpò aṣọ kan, bọ́ọ̀lù mẹ́ta, àti fèrè kan tí kò dún. Ó dìde ní ìpàdé ìlú, ó gbá àyà, ó ní: "Bí ẹgbẹ́ yìí bá kú lọ́wọ́ mi, kí ẹ fi orúkọ mi sọ ewúrẹ́ yín."

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wa ju bó ti yẹ lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó ránṣẹ́ sí Ṣàgámù, ó ránṣẹ́ dé Ọ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ńláńlá dé. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yọ okùn tó fi ń wọn gẹdú, ó ń wọn àyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ìka kàn wọ́n láyà, ó ń tẹ́tí. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá fẹ̀, ó gbà á. Ẹni tó bá tín-ín-rín, ó ní kó máa lọ sílé kó lọ jẹun. Nígbà tó ṣe tán, ọkùnrin mẹ́tàlá dúró níwájú rẹ̀ bí òpó mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ wò wọ́n," ó wí. "Ta ló fẹ́ gba àárín àwọn wọ̀nyí kọjá?"

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó gba àárín wọn kọjá. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa eré yìí. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù yóò máa sáré lọ síwájú. Ẹgbẹ́ kejì yóò dì mọ́ ọn, wọn yóò gbé e ṣubú. Kò tán síbẹ̀. Àwọn tó gbé e ṣubú gbọ́dọ̀ sá padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n tó tún wá dì mọ́ ẹni tó kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó di tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọn yóò wá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọn yóò padà. Ẹni tí kò bá padà, rẹfirí yóò fọn fèrè, yóò sì fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn òpó Ọ̀gá Pákó mọ bí a ṣe ń wá. Wọn kò mọ bí a ṣe ń padà. Bí wọ́n bá gbé ènìyàn ṣubú, wọn a dúró lé e lórí, wọn a máa wo ojú òǹwòran bóyá wọ́n rí i. Fèrè a dún. Bí ó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ti ń mí bí ẹ̀rọ ìlagi tí epo rẹ̀ ń tán lọ. Ìdíje mẹ́jọ ló wà lọ́dún náà. Wọ́n pàdánù ìkíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Ewúrẹ́ mẹ́ta ti ń jẹ́ Ọ̀gá Pákó ládùúgbò. Bí ọ̀gá bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó sì yíjú, wọn a ní: "Ẹ má bínú, sà. Ewúrẹ́ là ń pè."

Ìyá kan wà tó ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fọ̀ ọ́, yálà wọ́n borí, yálà wọ́n pàdánù, èyí tó sì ń ṣẹlẹ̀ jù ni ìkejì. Lẹ́yìn ìdíje kẹrin, ó gbé abọ́ aṣọ wá bá Ọ̀gá Pákó. Ó na ọ̀kan sí i lójú.

"Ọ̀gá, ẹ wo aṣọ yìí."

"Ìyá, ṣé ó ya ni? A ó ra òmíràn."

"Kò ya. Iwájú rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, àbí? Ẹ yí i padà. Ẹ wo ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́."

"Ó mọ́ bí aṣọ ọkọ ìyàwó! Aṣọ ẹni tó bá sáré dópin, òógùn á gbẹ sí i lẹ́yìn, á funfun bí iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń rẹ irú rẹ̀ sómi kó tó jáde. Láti ìgbà tí àwọn àlejò yín ti dé, n kò rẹ aṣọ kankan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n mọ̀ ọ́n wó luni ni. Ògiri pàápàá mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá Pákó mú aṣọ náà dání, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń di pákó sínú lọ́rì kan. Àwọn aláàárù ń gbé pákó lé èjìká, wọ́n ń sáré lọ kó o sínú ọkọ̀, wọ́n ń sáré padà wá gbé òmíràn, nítorí lọ́rì kejì ti wà lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò wò wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọ̀gá wo ẹ̀yìn aṣọ wọn. Gbogbo rẹ̀ funfun.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ní iléeṣẹ́ náà. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn.

Ó pe mẹ́sàn-án nínú wọn. Tín-ín-rín ni wọ́n. Èyí tó dàgbà jù nu ojú rẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá, a ò mọ bọ́ọ̀lù oníbẹ́pẹ yìí o. Wọ́n á fọ́ wa sí wẹ́wẹ́."

"Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lọ, tí wọ́n sì ń padà?"

"Kí la tún ń ṣe láti àárọ̀?"

"Ó tó. Èyí tó kù, a ó kọ́ yín."

Ó padà sọ́dọ̀ àwọn òpó rẹ̀. Kò lé wọn. Ó ní ẹni tó bá lè bá àwọn aláàárù gbé pákó fún ọ̀sẹ̀ kan, kó dúró. Mẹ́rin dúró. Àwọn tó kù ní àwọn kò wá sí ìlú yìí láti wá ru igi, wọ́n bínú lọ. Mẹ́sàn-án àti mẹ́rin, mẹ́tàlá pé.

Wọ́n pàdánù ìdíje karùn-ún, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n borí. Wọ́n borí nínú ìkẹfà. Ìyá afọṣọ rẹ aṣọ mẹ́tàlá lẹ́ẹ̀mejì, ó ń kọrin. Wọ́n tún borí nínú ìkeje. Ó wá ku ọjọ́ ìkẹyìn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó fi díẹ̀ ṣáájú wọn. Ẹni tó bá pàdánù ni yóò gbé ipò ìkẹyìn. Gbogbo ìlú jáde. Àwọn kan mú ewúrẹ́ wọn dání, kí ìsọlórúkọ má bàa pẹ́.

Ní ìdajì àkọ́kọ́, àwọn alátakò fi àmì mẹ́wàá ṣáájú. Wọ́n ń yọ ṣùtì. "Aláàárù!" ni wọ́n ń ké. "Ẹ wá bá wa gbé ẹrù dé gáréèjì!" Àwọn aláàárù ń wá, wọ́n ń gbé ènìyàn ṣubú, wọ́n ń padà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n tún ń wá. Nígbà tí ìdajì kejì dé àárín, àwọn alátakò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ẹnu tí wọ́n fi ń yọ ṣùtì ni wọ́n wá ń fi mí. Ní ti àwọn aláàárù, lọ́rì kejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì.

Àmì di mẹ́wàá sí mẹ́fà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan nínú àwọn òpó mẹ́rin gbé bọ́ọ̀lù dé tòsí ìlà òpin pápá lọ́dọ̀ àwọn alátakò. Ènìyàn mẹ́ta dì mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀ rí, ì bá fẹ́ dá a ṣe. Lọ́jọ́ yẹn, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé bọ́ọ̀lù fún àgbà aláàárù náà, ẹni tó ti sáré dé láì jẹ́ kí wọ́n pè é. Aláàárù gbé e kọjá ìlà, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sọ ẹrù ẹlẹ́rù. Àmì mẹ́rin nìyẹn, ó di mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù gba àárín igi méjì tó dúró lórí ìlà náà kọjá, àmì méjì tún kún un: méjìlá sí mẹ́wàá ni.

Ọ̀gá Pákó lọ bá aláàárù náà, ó yí i padà, ó fi ìka kan ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó sì tọ́ ọ wò.

"Ìyá," ó wí, "iyọ̀ ni."

Ìyá afọṣọ dáhùn pé: "Ṣé mo ní ṣúgà ni?"

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa nǹkan tó ń kú lọ lé lọ́wọ́, ì báà jẹ́ iléèwé, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ akọrin, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí bàbá yín fi sílẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ó lè jí. Ẹ wá ènìyàn tuntun, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi okùn wọn àyà. Gbogbo ènìyàn ló mọ bí a ṣe ń fẹ àyà lọ́jọ́ tí a bá ń wá iṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan tán tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, tó tún sáré padà wá mú òmíràn, òun ni kí ẹ mú. Bóyá inú ọgbà yín ló ti wà láti ọjọ́ yìí. Ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ. Bí ẹ kò bá sì mọ̀ ọ́n wò, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Ó ku ìjẹ́wọ́ mi. Ẹ ó ti máa rò pé ewúrẹ́ ni irọ́ náà. Rárá o. Ọ̀kan nínú wọn wà nílé wa, ó ṣì ń jẹ́ Ọ̀gá Pákó títí di òní. Ibi tí mo tún ṣe ni ibi tí mo ti sọ pé ìyá náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìdíje kẹrin, tí ọ̀gá sì gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìdíje kìíní ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìyá, ẹ máa fọ aṣọ, ẹ jẹ́ kí n máa wo àyà." Ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìkejì. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn ìkẹta. Ká ní ó gbọ́ lọ́jọ́ kìíní ni, ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ ni à bá máa sọ báyìí. Apá ibi tí ọ̀gá ti tètè gbọ́ nìkan ni irọ́ nínú ìtàn mi. Ọwọ́ yín ló kù sí láti sọ ọ́ di òótọ́.