Bí Alùpùpù Kékeré Àyọ̀ká Ṣe Dé Afárá Odò Àrè

Lọ́dún tí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà tó ti Ìlàgbẹ̀dẹ lọ sí afárá odò Àrè, alùpùpù méje péré ló wà nílùú náà. Mẹ́fà jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tó ń kó èrò ní ibùdó. Ìkeje, tó kéré jù nínú wọn, jẹ́ ti Àyọ̀ká ọmọ Bándélé. Bàbá rẹ̀ ló bá àwọn tó la ọ̀nà náà ṣe lébìrà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn fi alùpùpù tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń ṣeré ta á lọ́rẹ. Kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Kò pẹ́ tí Bándélé fi kú, alùpùpù sì di ti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo.

Àyọ̀ká kì í gbé èèyàn. Ata, ẹyin àti ọṣẹ ló ń gbé lọ sí àwọn abúlé etí odò. Bó bá jókòó sórí alùpùpù náà, ńṣe ló máa ń rí bí ẹni tó jókòó sórí àpótí ìdáná, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀lé e, wọn á sì yà á sílẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń rí nídìí rẹ̀ ni òun àti ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, fi ń jẹun.

Lárìnńdé ni alága àwọn alálùpùpù. Máṣínnì pupa rẹ̀ ló tóbi jù nílùú, òun náà sì tóbi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dá Àyọ̀ká dúró níwájú ibùdó.

“Gbé nǹkan ìṣeré yìí kúrò níwájú wa. O ń dójú ti iṣẹ́ wa.”

“Ẹ̀gbọ́n, bójú bá ń ti yín, tèmi ò tì mí.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lárìnńdé nàka sí alùpùpù rẹ̀. “Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, gbogbo wa yóò sáré láti ibí dé afárá. Máṣínnì tó bá gbẹ̀yìn ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà yìí mọ́.”

Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ṣe òfin náà fún. Àyọ̀ká sọ̀ kalẹ̀. “Ta ló ń kọ orúkọ? Kó kọ tèmi sílẹ̀. Bí n bá sì gbapò kìíní ńkọ́?”

“Bí o bá gbapò kìíní, mi ò ní ṣòfin lórí ọ̀nà yìí mọ́ láé,” ni Lárìnńdé wí, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Mẹkáníìkì ìlú wo alùpùpù náà, ó mi orí. Ó ní àfi kí ó ra ẹ́ńjìnnì ńlá, owó tó sì dá lé e ju ohun tí Àyọ̀ká lè rí lọ́dún méjì lọ. Àyọ̀ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti alùpùpù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Múdà, arúgbó tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́yìn ọjà.

Bàbá Múdà fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn, ó ń wo bí ṣéènì ṣe ń lọ. “Ẹ́ńjìnnì rẹ ò ṣàìsàn. Wo irin eléyín tí ṣéènì kọ́ lẹ́yìn níbí. Ó tóbi jù. Ẹ́ńjìnnì á yí títí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò fẹ́ kó sáré. Bí a bá fi kékeré rọ́pò rẹ̀, táyà á yára.”

“Ẹ jẹ́ ká fi kékeré rọ́pò rẹ̀, Bàbá.”

“Farabalẹ̀. Yóò lọ́ra níbẹ̀rẹ̀, òkè yóò sì nira fún un. Èèyàn kì í rí méjèèjì.”

“Òkè kan ṣoṣo ló wà lójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi ò kú.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tú òkìtì irin àlòkù kí wọ́n tó rí ọ̀kan tí eyín rẹ̀ bá ṣéènì mu, lára ẹ̀rọ tí àwọn tó la ọ̀nà pa tì. Ihò àárín rẹ̀ kò gbà. Àyọ̀ká fi fáìlì onírin ha á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Wọ́n gé ṣéènì kúrú. Ó tú irin tó bo táyà àti àpótí ẹrù kúrò kó lè fúyẹ́, ó fi epo bẹntiróòlù fọ kábúrétọ̀, ó sì fẹ́ táyà le.

Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ bí fáìlì ṣe ń dún. “Àyọ̀ká, o ò ṣe fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn?”

“Màmá, bí mo bá fi èyí sílẹ̀ lónìí, èwo ni wọn á ní kí n fi sílẹ̀ lọ́la?”

Ìyá náà nawọ́, ó fọwọ́ wá irin náà kàn. Ó ní, “Ha á dáadáa.”

Lọ́jọ́ eré, Olóyè Asípa ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Ẹfun ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sára àwọn alùpùpù. Wọ́n fẹ́ kọ ení sí ti alága, ó kọ̀. “Èje ni kí ẹ kọ sí tèmi. Èje ló ju gbogbo wọn lọ.” Àyọ̀ká ló dé kẹ́yìn, ẹ̀fà ló sì kù fún un. Asípa lọ dúró dè wọ́n ní afárá.

Wọ́n ju àsíá sílẹ̀ pé kí eré bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́fà fò jáde. Alùpùpù Àyọ̀ká ń wọ́ bí ìgbín, ẹ̀rín àwọn èèyàn sì ń lé e lẹ́yìn. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Àyọ̀ká bẹ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ alùpùpù náà mú, ó ń sáré tì í, ẹ́ńjìnnì ń fà, òun náà ń tì. “Mi ò ní gbẹ̀yìn,” ló ń wí fún ara rẹ̀. “Mi ò ní gbẹ̀yìn láé.”

Lórí òkè, ọ̀nà tẹ́jú lọ gbọọrọ títí dé odò. Ó gùn ún, ó dojú bolẹ̀ mọ́ ọn. Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ó yára, ó tún yára sí i. Ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá èkejì, títí ó fi ku Lárìnńdé nìkan níwájú. Lárìnńdé gbé àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn kó lè máa juwọ́ sí èrò, máṣínnì rẹ̀ sì ti wúwo. Ó gbọ́ nǹkan tó ń kùn bí agbọ́n. Kó tó yíjú, agbọ́n ti kọjá, Àyọ̀ká ló sì kọ́kọ́ dé afárá.

Nígbà tí gbogbo wọn dé afárá, Lárìnńdé fi ìbínú bọ́ sílẹ̀. “Èrú ni! Ó ti ra ẹ́ńjìnnì ńlá fi pa mọ́ sínú rẹ̀. Ẹ tú u!”

“Ẹ tú u,” ni Àyọ̀ká náà wí. “Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n tú u níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni, orúkọ tí Bándélé fúnra rẹ̀ fi ìṣó ha sára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Asípa wá lọ sẹ́yìn alùpùpù náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan irin eléyín kékeré tí ṣéènì kọ́. Ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Àyọ̀ká ṣàlàyé fún un, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó sí i.

Asípa dìde. Ó wo nọ́ńbà tó wà lára alùpùpù kékeré, ó wo èyí tó wà lára máṣínnì pupa, ẹ̀rín sì pa á. “Lárìnńdé, iwájú ẹ̀fà lo wò, o ò wo ẹ̀yìn rẹ̀.”

Àwọn èèyàn hó yèè. Ẹni tó gbẹ̀yìn nínú eré náà dorí kodò, ó rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Àyọ̀ká ní kí ó gbórí sókè. “Kò sẹ́ni tó ń kúrò lójú ọ̀nà. Bàbá mi wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí. Ọ̀nà kì í ṣe ti alága.” Ó ti alùpùpù rẹ̀ kọjá láàárín wọn, ó sì forí lé ilé lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìlàgbẹ̀dẹ fi ń pa á lówe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.