Igún àti Igbá Ìṣanwọ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé orí pípá Igún.

Ẹ̀yin ọmọ, ní àtijọ́, gbogbo ẹranko jọ ń jẹun létí odò ni, inú igbá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń ṣanwọ́. Bí Igún bá ti sún mọ́ igbá, Ẹfọ̀n, olórí wọn, á pariwo: "Ìwọ tó ń jẹ òkú? Má dọ̀tí omi wa!" Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dun Igún wọra, ó fò lọ.

Kò pẹ́, Ìgalà kú sétí odò, ó jẹrà. Omi bàjẹ́, inú ń run àwọn ọmọ ẹranko. Ẹfọ̀n rán Ẹtu pé kí Igún wá gbé òkú kúrò. Igún kò wá. Ọ̀bọ jẹ́ iṣẹ́ kan náà, síbẹ̀ Igún kò wá. Ni Ẹfọ̀n bá fúnra rẹ̀ gbé igbá, ó ń kọrin lọ. Ẹ bá mi gbè é:

Igún, jọ̀ọ́, bọ̀ wálé,
*Omi ti bàjẹ́!*
Wá bá wa ṣanwọ́ o,
*Omi ti bàjẹ́!*

Igún wo inú igbá. Omi dúdú, ó ń rùn.

"Ẹ gbé e dání ná, Bàbá," ó ní. "Omi yìí dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n lọ jẹ oúnjẹ mi, á mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, lọ́jọ́ tí omi mọ́, ta ló kọ́kọ́ ṣanwọ́?

*Igún!*