Nọ́ńbà Tí Kò Dúró

Ọkùnrin kan wà tó máa ń bá àwọn ènìyàn ṣe ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Agbẹ̀bí kan ní kó ṣe ọ̀kan fún òun, kí àwọn aboyún lè tètè rí nọ́ńbà fóònù òun. Ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ó mú kí nọ́ńbà náà máa jó: á yọ láti ẹ̀gbẹ́ kan, á sáré gba àárín kọjá, á wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì tún yọ.

Nínú CSS, ìyẹn àṣẹ tó ń darí bí ojú ìwé ṣe ń rí, ààyè wà láti sọ iye ìgbà tí nǹkan yóò jó. Ó lè kọ oókan síbẹ̀. Ó kọ pé kó má lópin.

Agbẹ̀bí wò ó títí, ojú ń pòòyì mọ́ ọn. Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kó yọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì jókòó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, bó bá jókòó, ta ni yóò wò ó?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìrọbí mú obìnrin kan nílé. Ọkọ rẹ̀ ṣí ojú ìwé náà. Kó tó ka nọ́ńbà dé ìdajì, nọ́ńbà ti sá lọ. Ó dúró dè é, nọ́ńbà yọ, ó tún sá lọ. Ó fi èyí tó rántí pè, ẹlòmíràn ló gbé e. Orí ilẹ̀ yàrá ni obìnrin náà bímọ sí, láìsí agbẹ̀bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò ké. Wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́.

Ọkọ náà wá bá ẹni tó ṣe ojú ìwé, ó na fóònù sí i lójú. "Kà á sí mi létí!"

Ẹni tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ṣì í kà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò lè kà á, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀! Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó yí àṣẹ náà padà, nọ́ńbà sì dúró sójú kan. Kò gba àkókò kankan. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn! Ohun tí kò ni í lára yìí ló kọ̀ fún àgbàlagbà tó bẹ̀ ẹ́.

Oyèkànmí, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìyàwó rẹ gbàgbé ọmọ sí ilé ìwé lọ́dún tó kọjá. O bá a wí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ọ́. Èwo wá ni kí o máa tún un sọ nídìí oúnjẹ, níwájú àwọn àna rẹ, níwájú àwọn ọmọ tó bí? Nísinsìnyí, bí o tilẹ̀ pè é fún ohun rere, ńṣe ló ń yára kúnlẹ̀ láti tún bẹ̀ ọ́. Ó tó gẹ́ẹ́! Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti gbọ́ ọ.